Òkè Àjà Ilé Búrẹ́dì

Ẹsẹ̀ méjì ni Bọ́láwárìn kọ́kọ́ rí. Wọ́n yọ láti ẹnu ààrò ńlá tí bàbá rẹ̀ fi ń yan búrẹ́dì nígbà ayé rẹ̀. Ọ̀kan wọ bàtà aláwọ̀ ewé, ìkejì kò wọ nǹkan kan, ọmọ ìka rẹ̀ sì ń jó díẹ̀díẹ̀ bí ẹni pé orin ń lọ nínú ààrò náà. Orin ń lọ níbẹ̀ lóòótọ́. Ìyókù ara obìnrin tó ni ẹsẹ̀ náà wà nínú òkùnkùn, ó ń kọrin lábẹ́ ẹnu.

Bọ́láwárìn dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. Láti ìgbà tí bàbá rẹ̀ ti kú ni ilé búrẹ́dì náà ti wà ní títì ní Dùgbẹ̀, kò sì retí pé òun yóò bá ẹ̀dá kankan níbẹ̀ àfi àdán.

"Ẹ jọ̀wọ́," ó ní, "ṣé ẹ fẹ́ jinná ni?"

Orin dákẹ́. Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí fà sẹ́yìn, ìbàdí, ẹ̀yìn, èjìká, títí orí fi yọ. Èédú ti bo gbogbo ojú rẹ̀, ẹyinjú àti eyín nìkan ló funfun.

"Ẹ má bínú o," ó ní. "Bàbá ọlọ́dẹ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín ló ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn fún mi. Ihò èéfín yín ni mò ń wò láti òpópónà, mi ò lè kọjá. Ṣé ẹ mọ̀ pé téèyàn bá dùbúlẹ̀ síbẹ̀, á rí ojú ọ̀run ní kedere?"

"Mi ò dùbúlẹ̀ síbẹ̀ rí. Bàbá mi ì bá nà mí."

Obìnrin náà bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà gun àwọn ògiri bíríkì pupa lọ sókè, ó kan àjà onípákó níbi tí wọ́n ti ń kó ìyẹ̀fun sí láyé ọjọ́un, ó sì padà wá bá wọn nísàlẹ̀. Ọjọ́ ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti rẹ́rìn-ín nínú ilé yẹn. Nǹkan kan rọ̀ nínú Bọ́láwárìn, kò sì mọ ohun tó jẹ́.

Tẹjúmọ́lá ni orúkọ rẹ̀. Ayàwòrán ilé ni ní ọ́fíìsì kan ní Ring Road. Bódìjà ló dàgbà sí, níbi tí bàbá rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéfọlárìn, ti fẹ̀yìn tì sí lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tó fi kọ́ni ní yunifásítì.

"Ṣé Búrẹ́dì Lékeléke ni wọ́n ń ṣe níbí?" ó bi í. "Èyí tí ọkọ̀ funfun máa ń gbé wá sí Bódìjà láàárọ̀? Ẹyẹ kan wà lára ọkọ̀ náà, ó fi ẹsẹ̀ kan dúró."

"Bàbá mi ló fọwọ́ ara rẹ̀ ya ẹyẹ yẹn."

"Ẹyẹ náà kò jọ lékeléke o. Ó jọ tòlótòló."

Bí a ṣe ń sọ ọ́ yìí, àwa tí a gbé ìlú Ìbàdàn nígbà náà, òórùn búrẹ́dì yẹn ṣì wà nímú wa. Bí ọkọ̀ rẹ̀ bá ti kọjá ládùúgbò, ọmọ tó ń ṣàìsàn á dìde jókòó.

Wọ́n jáde pọ̀. Ìgbà náà ni owó tuntun ṣọ̀wọ́n ní gbogbo ìlú, tí àwọn ènìyàn ń tò síwájú báńkì láti òwúrọ̀ kùtù, tí epo ọkọ̀ náà sì di ohun àwárí. Tẹjúmọ́lá dá takisí Míkírà kan dúró, ó ti ọwọ́ bọ àpò, kò bá nǹkan kan níbẹ̀. Bọ́láwárìn náà wo tirẹ̀. Awakọ̀ pòṣé, ó bá tirẹ̀ lọ.

"Ó dà bíi pé ẹsẹ̀ ló kù," Bọ́láwárìn ní. "Mo ní ọ̀rẹ́ kan ní Mọ́kọ́lá tó lè gbé wa."

Báyìí ni wọ́n ṣe rìn lábẹ́ oòrùn oṣù kejì. Tẹjúmọ́lá ti bọ́jú, ṣùgbọ́n èédú ṣì wà létí rẹ̀, Bọ́láwárìn kò sì sọ fún un, nítorí ó wù ú láti máa wò ó. Ó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ó ṣe ń nàka sí àwọn pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ tó wà lápá ọ̀tún àti òsì.

"Ẹ wo ìyẹn. Ìsàlẹ̀ ni bàbá á ti máa ta aṣọ, òkè ni ìyàwó á ti máa sebẹ̀. Bí ebi bá pa ọmọ, á kàn sáré gun àtẹ̀gùn. Ní báyìí, Akọ́bọ̀ làwọn èèyàn ń gbé, Dùgbẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣòwò. Wọ́n á jó epo wá, wọ́n á jó epo lọ. Mo fẹ́ ṣe ilé tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ á jẹ́ ṣọ́ọ̀bù, tí òkè rẹ̀ á jẹ́ ibùgbé, mi ò sì fẹ́ wó ohunkóhun kí n tó kọ́ ọ. Bíríkì tí wọ́n ti fi igi ìdáná sun kì í tún jẹ igi mọ́. Bí a bá wó o, a fi igi tó jẹ ṣòfò nìyẹn."

"A fẹ́ ta ilé yẹn ni," Bọ́láwárìn ní.

Tẹjúmọ́lá dúró. "Ẹ fún mi láyè kí n yàwòrán rẹ̀ ná. Bí kò bá wù yín, ẹ tà á."

"Ó dáa," Bọ́láwárìn ní.

Ó yẹ kó sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó yẹ kó sọ pé ìyá òun ló ni ọ̀rọ̀ ilé náà, àti pé ìyá náà ti ń bá oníṣòwò irin kan dúnàádúrà, ẹni tó fẹ́ wó ilé náà palẹ̀ kó lè fi ibẹ̀ ṣe ibi ìkẹ́rùsí. Ṣùgbọ́n ẹni tó máa ń dákẹ́ ni Bọ́láwárìn. Apòògùn ni, ó ní ṣọ́ọ̀bù ní Challenge, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ̀ ló sì mú kí àwọn aláìsàn fẹ́ràn rẹ̀. Kò tíì mọ̀ pé ohun tó ń wo aláìsàn sàn lè dá ẹni tó lálàáfíà lọ́gbẹ́.

Gbogbo Sátidé ni wọ́n fi ń pàdé nílé náà. Tẹjúmọ́lá á di okùn ìwọnlẹ̀ mú níhìn-ín, Bọ́láwárìn á dì í mú lọ́hùn-ún. Wọ́n ṣí àwọn fèrèsé ìsàlẹ̀ tí wọ́n ti kàn pa. Wọ́n kó ìtẹ́ ẹyẹ kúrò nínú ihò èéfín, èédú sì tún kun Tẹjúmọ́lá.

"Adúmáradán," Bọ́láwárìn pè é.

"Ẹ tún ẹnu yín ṣe o, apòògùn."

"Ta ni 'ẹ'? Mélòó ni mo jẹ́ tó o fi ń kí mi bí ìjọ?"

Tẹjúmọ́lá nu èédú kúrò lójú. "O ò dáa," ó ní. Láti ọjọ́ náà ni 'ẹ' ti kúrò láàárín wọn.

Nígbà tó gbé àwòrán náà wá, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó fi òkúta mẹ́rin tẹ etí rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù wà nísàlẹ̀. Òkè àjà di ilé kéékèèké tí òrùlé wọn ga, tí ìmọ́lẹ̀ ń wọ̀ láti òkè. Òjò orí páànù á gba inú gọ́tà lọ sínú táǹkì, sólà á máa fún wọn níná. Ààrò náà wà níbi tó ti wà, láàárín ilé gan-an, kò fọwọ́ kàn án.

"O fi ààrò bàbá mi sílẹ̀," Bọ́láwárìn ní.

"Òun ni ọkàn ilé. Kí ló máa mú kí n yọ ọkàn èèyàn?"

Bọ́láwárìn di ọwọ́ rẹ̀ mú. Obìnrin náà kò gbà á padà. Wọ́n jókòó bẹ́ẹ̀ lórí àpò ìyẹ̀fun gbígbẹ títí oòrùn fi kúrò lójú fèrèsé. Bí ó bá jẹ́ pé ọjọ́ yẹn ni Bọ́láwárìn sọ ọ̀rọ̀ oníṣòwò irin náà, gbogbo ohun tó tẹ̀lé e ì bá má ṣẹlẹ̀.

Ní ọjọ́ Ẹtì kan, Tẹjúmọ́lá ní iṣẹ́ kan ní Dùgbẹ̀, ó sì yà sí ilé búrẹ́dì. Ó bá ọkùnrin méjì níbẹ̀. Wọ́n ti fi ọ̀dà pupa fa ìlà àgbélébùú sára ihò èéfín.

"Kí lẹ̀ ń ṣe?"

"A máa wó o lópin oṣù tó ń bọ̀ ni, àǹtí," ọ̀kan lára wọn dáhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. "Ọ̀gá wa ti bá màmá sọ ọ́. Ọmọ wọn ọkùnrin náà mọ̀ sí i, òun ló fún wa ní kọ́kọ́rọ́."

Kò bá wọn jà. Ó lọ sí Challenge, ó dúró de àwọn tó fẹ́ ra oògùn títí gbogbo wọn fi tán.

"Ṣé o mọ̀?" ó bi í.

Bọ́láwárìn gbé oògùn tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Mo fẹ́ sọ fún ọ. Mo ń wá ọjọ́ tó dára."

"Gbogbo ọjọ́ tí o wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kò sí ọ̀kan tó dára níbẹ̀?" Omi lé sójú rẹ̀. "Ilé kọ́ ló ń dùn mí, Bọ́lá. Mo ti pàdánù ilé rí lẹ́nu iṣẹ́ mi. Ìwọ ni. O jẹ́ kí n máa yàwòrán fún òkú."

Ó jáde. Láti ọjọ́ náà, kò gbé fóònù rẹ̀ mọ́.

Nígbà tó pẹ́, Bọ́láwárìn lọ sí Bódìjà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéfọlárìn ló bá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń ka ìwé ìròyìn. Ó dọ̀bálẹ̀. Bàbá náà jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀ nílẹ̀ kó tó ní kó dìde.

"Ọmọ mi kò fẹ́ rí ọ."

"Mo mọ̀, sà. Mo wá bẹ̀bẹ̀ ni."

"Gbọ́, ọmọkùnrin. Mi ò kórìíra rẹ. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tí kò lè sọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀, níwájú ta ni yóò ti gbèjà aya? Lọ sọ ọ́ fún ẹni tó yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Lẹ́yìn náà, bí o bá fẹ́, kí o padà wá."

Ìyá Bọ́láwárìn, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Màmá Lékeléke nítorí búrẹ́dì náà, ń ṣa ẹ̀wà lẹ́yìn ilé ní Challenge nígbà tí ọmọ rẹ̀ wọlé. Ó jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Màmá, mi ò fẹ́ kí ẹ ta ilé yẹn."

Ìyá náà kò gbójú sókè. "Láti ìgbà wo?"

"Láti ọjọ́ tí a ti sin bàbá."

"Kí ló dé tí o kò sọ?"

"Ẹ̀yin náà kò dárúkọ ibẹ̀ mọ́. Mo rò pé ó ń dùn yín."

"Ó ń dùn mí." Ó gbé àwo ẹ̀wà kúrò lẹ́sẹ̀, ó sì fi oríkì pe ọmọ rẹ̀. "Ìdí iná yẹn ni bàbá rẹ lo ayé rẹ̀ sí, Àjàní. Ibẹ̀ náà ló ṣubú sí. Ṣé o fẹ́ kí n máa kọjá níwájú rẹ̀ kí n máa rẹ́rìn-ín ni?"

"Rárá, mà. Kí ẹ wá wò ó lẹ́ẹ̀kan ni mo fẹ́. Bí ẹ bá wò ó tán, tí ẹ ní kí wọ́n wó o, mi ò ní sọ nǹkan kan mọ́."

Ìyá wo ojú ọmọ rẹ̀ dáadáa. "Obìnrin kan wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí."

"Ó wà, mà. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ká ní kò sí, ohun tí mo sọ kò ní yí padà."

Màmá Lékeléke padà sídìí ẹ̀wà rẹ̀, èyí tó dára àti èyí tó bàjẹ́ ló sì ń dà pọ̀. Ó tó ọjọ́ mélòó kan kó tó sọ ọ́ lórí oúnjẹ, bí ẹni tí kò ka ọ̀rọ̀ náà sí, pé òun á lọ ní Sátidé.

Bọ́láwárìn kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí Tẹjúmọ́lá pé: "Mo ti sọ̀rọ̀. Màmá ń bọ̀ wá wo ilé ní Sátidé. Mi ò pè ọ́ nítorí tèmi. Jọ̀wọ́, wá gbẹnu sọ fún ilé náà."

Ó wá. Ó kúnlẹ̀ kí màmá, ó sì kí Bọ́láwárìn bí ènìyàn ṣe ń kí ẹni tó ń tajà.

Oòrùn ń jó lóde lọ́jọ́ náà tó fi jẹ́ pé ọ̀dà títì ń lẹ̀ mọ́ bàtà. Màmá Lékeléke di gèlè rẹ̀ le, ó wọlé bí ẹni tó ń wọ ilé ìwòsàn. Ó rìn dé àárín gbọ̀ngàn, ó dúró, ó sì yí ojú ká.

"Níbo ni atẹ́gùn yìí ti ń wá?"

Bọ́láwárìn wo Tẹjúmọ́lá. "Ooru máa ń gòkè ni, mà," Tẹjúmọ́lá ní. "Ihò èéfín yín ga. Ooru inú ilé ń gba ibẹ̀ jáde, atẹ́gùn tútù sì ń gba fèrèsé ìsàlẹ̀ wọlé. Àwọn tó bá ń gbé ibí kò ní nílò ẹ̀rọ amúlétutù. Iṣẹ́ tí ààrò yín ń ṣe látẹ̀yìnwá náà nìyí. Iná nìkan ni kò sí níbẹ̀ mọ́."

"Iná nìkan ni kò sí níbẹ̀ mọ́," ìyá náà tún un sọ. Ó na ọwọ́, ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan ẹnu ààrò. Ó tutù. Ó fi ọwọ́ rẹ̀ síbẹ̀ pẹ́.

Lẹ́yìn náà ló gun àtẹ̀gùn onípákó lọ sókè àjà, àwọn méjèèjì sì tẹ̀lé e. Ó lọ tààrà sí igun kan lábẹ́ òrùlé.

"Ibí ni mo kọ́kọ́ bá ọkọ mi gbé," ó ní.

Bọ́láwárìn kò gbọ́ èyí rí láyé.

"A kò ní yàrá nígbà náà. Àárín àpò ìyẹ̀fun la tẹ́ ẹní sí. Bí mo bá sọ̀kalẹ̀ láàárọ̀, irun mi, ìpéǹpéjú mi, gbogbo rẹ̀ á ti funfun. Bàbá rẹ á wá máa pariwo fáwọn òṣìṣẹ́ pé, 'Ẹ yà lọ́nà, lékeléke mi ń bọ̀!' Ibẹ̀ ló ti sọ búrẹ́dì náà lórúkọ. Ibí ni mo ti lóyún rẹ, Àjàní. Ojú ń tì mí láti sọ fún yín pé orí ìyẹ̀fun la ti bẹ̀rẹ̀." Ó rẹ́rìn-ín, omi sì ń dà lójú rẹ̀. "Láti ìgbà tó ti kú, bó ṣe ṣubú nìkan ni mò ń rí. Mo ti gbàgbé pé mo gbádùn níbí."

Ìró ọkọ̀ ń wọlé láti òpópónà. Nígbà tó ṣe, ó fi etí ìborùn nu ojú, ó kọjú sí Tẹjúmọ́lá.

"Kí lẹ fẹ́ fi igun yìí ṣe?"

"Ilé ni, mà. Fún tọkọtaya tí kò lówó yàrá ńlá."

"Kí ni oríkì rẹ, ọmọ mi?"

"Àṣàkẹ́, mà."

"Àṣàkẹ́. Jọ̀wọ́, má ṣe jẹ́ kí wọ́n fi símẹ́ńtì bo àwọn bíríkì yẹn o. Ọkọ mi fẹ́ràn àwọ̀ wọn. Èmi á lọ bẹ oníṣòwò irin náà fúnra mi. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ló ṣì wà láàárín wa, èèyàn pẹ̀lẹ́ sì ni."

Ó sọ̀kalẹ̀, ó fi àwọn méjèèjì sílẹ̀. Mo rò pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ni.

"O sọ̀rọ̀," Tẹjúmọ́lá ní.

"Ó pẹ́ kí n tó sọ ọ́. Dárí jì mí, Tẹ́jú."

"Bí ọ̀rọ̀ kan bá tún wà nínú rẹ tó kàn mí, jẹ́ kí n gbọ́ ọ, kódà bó bá máa dùn mí."

"Wàá gbọ́ ọ. Ọ̀kan wà nísinsìnyí."

"Sọ ọ́."

"Àárò rẹ sọ mí débi pé mo gbé oògùn ikọ́ fún ẹni tí inú ń run."

Tẹjúmọ́lá gbìyànjú láti máa bínú lọ, kò ṣeé ṣe. "Ṣé ó yè?"

"Ó yè. Mo sáré tẹ̀ lé e, mo gba oògùn náà padà."

Tẹjúmọ́lá fi orí sí èjìká rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì ń sunkún díẹ̀.

Iṣẹ́ náà kò rọrùn bí àwòrán. Àwọn tó fẹ́ ṣọ́ọ̀bù nísàlẹ̀ ló kọ́kọ́ san owó ilé sílẹ̀, òun ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ìgbà òjò dé kí òrùlé tó parí, àkèré sì kún inú táǹkì omi. Gọ́tà kan jò fún odidi oṣù kan kí wọ́n tó mọ ibi tó ti ń jò. Pákó àtijọ́ ni wọ́n fi ṣe ilẹ̀kùn, bíríkì tó yọ níbi àtẹ̀gùn tuntun ni wọ́n fi mọ ìjókòó sí àgbàlá. Tẹjúmọ́lá rù, ojú rẹ̀ sì ń dán.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, wọ́n jókòó sí ojú fèrèsé tí kò tíì ní gíláàsì, wọ́n ń jẹ ẹ̀pà.

"Gbogbo ilé òkè ti ní ẹni tó máa gbé e," Bọ́láwárìn ní, "àfi èyí tó wà lábẹ́ òrùlé ní igun yẹn."

"Ìwọ ló ní kí n má fi fún ẹnikẹ́ni."

"Mo ti rí ẹnì kan. Èédú máa ń kun ún lójú, ó sì máa ń kọrin nínú ààrò."

Tẹjúmọ́lá dá ẹ̀pà tó ń bó dúró. "O fẹ́ gbà mí sílé gẹ́gẹ́ bí ayálégbé?"

"Rárá o. Gẹ́gẹ́ bí onílé. Fẹ́ mi, Tẹjúmọ́lá. Mo ti ronú gbogbo ọ̀rọ̀ dídùn tí mo lè fi sọ ọ́, èyí ló kù lẹ́nu mi."

"Èyí náà ti dùn tó," Tẹjúmọ́lá ní, ó sì fi ẹ̀pà sí i lẹ́nu.

Ọjọ́ tí wọ́n lọ tọrọ ìyàwó ní Bódìjà, ẹbí rò pé ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ ni yóò sọ̀rọ̀. Bọ́láwárìn bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun fẹnu ara òun sọ ọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí wọ́n ti pàdé, ó ń sọ ọ́ lọ, kò fi ìtìjú kan pa mọ́, títí Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéfọlárìn fi gbé ọwọ́ sókè.

"Ó tó, ó tó! Ta ló sọ pé ọmọ yìí kì í sọ̀rọ̀? Máa gbé e lọ, kí á rí oúnjẹ jẹ!"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín Màmá Lékeléke ló pọ̀ jù.

Wọ́n ṣe ìgbéyàwó láàárọ̀ Sátidé ní ṣọ́ọ̀ṣì kékeré kan ní Mọ́kọ́lá, wọ́n sì wá jẹun ní àgbàlá ilé wọn lórí ìjókòó bíríkì. Nígbà tí àlejò lọ tán, wọ́n gòkè lọ sí ilé wọn lábẹ́ òrùlé, wọ́n tẹ́ ẹní, nítorí bẹ́ẹ̀dì wọn kò tíì dé. Ilẹ̀ kò tíì ṣú. Àwọn oníṣọ́ọ̀bù òpópónà ń ti ilẹ̀kùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bàbá Akínlolú, tó ti ń tún aago ṣe ní Dùgbẹ̀ láti ìgbà èwe rẹ̀, ń kọjá lọ wọ ọkọ̀. Ó rí iná lókè, ó rí aṣọ tó ń fẹ́ lójú fèrèsé, ó sì gbé ohùn sókè bí wọ́n ṣe ń ṣe nígbà tó wà lọ́mọdé, tí àwọn èèyàn ṣì ń gbé òkè ṣọ́ọ̀bù wọn.

"Ẹ kú ilé o!"

Tẹjúmọ́lá dìde, ó yọ orí síta.

"Ẹ káàbọ̀ o, bàbá!"

Bàbá náà ṣí fìlà, ó ju ọwọ́ sí i, ó sì ń bá ọ̀nà rẹ̀ lọ.

"Ta ni yẹn?" Bọ́láwárìn bèèrè lórí ẹní.

"Aládùúgbò wa ni," ìyàwó rẹ̀ dáhùn, ó sì wá jókòó tì í.